Ẹkún Tí A Fi Fíìmù Bojú

Òórùn gọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, gọ́ọ̀mù tí àwọn onísọ́fà fi ń lẹ fóòmù mọ́ pákó. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn tí òórùn yẹn gba imú mi, àga kọ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn, ẹkún ni. Daddy mi ń ṣe sọ́fà ní Kétu, Mummy mi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, inú ilé kan tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn la sì ń gbé, tí gbogbo ayálégbé ń dáná ní kíṣínì kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òórùn gọ́ọ̀mù Daddy àti ti àlùbọ́sà Mummy á pàdé nínú pálọ̀ wa kékeré. Àwọn ọmọ iléèwé mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti gbóòórùn mi kí n tó dé. Wọn ò purọ́.

Àwa méjì ni wọ́n bí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣáájú. Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ní Owódé Onírin. Lọ́jọ́ kan, ṣéènì tí wọ́n fi so ẹ́ńjìnnì rọ̀ já, abẹ́ rẹ̀ gan-an ló sì wà. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Àbúrò Daddy, ẹni tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ló kó àwọn ọkùnrin díẹ̀ lẹ́yìn lọ gbé e, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ náà mọ bí tiwa ṣe rí: òbí kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ojú oórì náà hàn án títí ayé. Wọ́n ní àánú ni. Nígbà tí Bàbá Kékeré padà dé, amọ̀ pupa wà lẹ́nu ṣòkòtò rẹ̀. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bí ojú ọ̀nà ṣe dí, Daddy sì ń dá a lóhùn. Ojú Mummy kò kúrò lára amọ̀ yẹn títí tí ọkùnrin náà fi dìde tó lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹ má sunkún mọ́, ẹ nu ojú yín, ẹkún àsunjù lórí ọmọ kò dáa, ó lè pe òmíràn. Èmi ni òmíràn náà, mo jókòó sí kọ̀rọ̀ mo ń gbọ́ ọ. Wọ́n já àwọn fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi lára ògiri. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ, n kò mọ ibi tí wọ́n kó o lọ. Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni ti orúkọ. Gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ilé fi ń pe Mummy, Ìyá Lágbájá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Bùkọ́lá ni wọ́n ń pè é. Èmi ni Bùkọ́lá. Kò sẹ́ni tó pèpàdé lórí ẹ̀, gbogbo wọn kàn mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni. Bí ẹnì kan bá ké sí i báyìí láti kíṣínì, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, á sì máa ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo lọ gba ipò olóyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Mummy gbọ́ràn, kò sunkún. Ó ń lọ sọ́jà, ó ń dé, ó ń se ọbẹ̀. Àlùbọ́sà pàápàá kò lè fún un ní àwáwí, nítorí ó ti ta á pẹ́ débi pé kì í mú omi jáde lójú rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó wá ń pọ́n, ó ń wú, bíi ti ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Mo máa ń wò ó, ẹ̀rù á sì bà mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, bí iná bá wà, àwọn obìnrin ilé wa máa ń kó àpótí ìjókòó wá sí pálọ̀ wa láti wo fíìmù, nítorí tẹlifíṣọ̀n tiwa ló tóbi jù. Nígbà tí nǹkan bí oṣù mélòó kan ti kọjá, Mummy ní kí n ká lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta sídì fíìmù lábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòsí. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn láti máa júwe ọjà rẹ̀.

"Mummy, ẹ gba eléyìí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín títí inú á fi dùn yín."

"Ẹ̀rín kọ́ ni mo wá rà," Mummy dá a lóhùn. "Èyí tó ń pa èèyàn lẹ́kún ni kí o fún mi."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ wò, kò tún ṣàwàdà mọ́. Ó tú ẹrù rẹ̀ nísàlẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ.

N kò ní purọ́ fún ọ, fíìmù náà kò dáa. Orin bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, òjìji ẹni tó ń ya àwòrán sì hàn lára ògiri níbì kan. Ìtàn ìyá kan ni, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú. Àwọn ẹbí ní kó jókòó sílé, ó kọ̀, ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sáré dé ibi sàréè, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe òkú yẹn kò tilẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́? Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Òkú ń mí o," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Mummy kò rẹ́rìn-ín. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń ṣàn dé ọrùn, kò sì nù ún. Àwọn obìnrin náà rí i, wọ́n ṣe "pẹ̀lẹ́ o, fíìmù yìí le o," wọ́n sì kọjú sí ohun tí wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó ní kó má sunkún. Ẹkún fíìmù ni, kì í ṣe ẹkún ọmọ, kò sí òfin kankan lórí rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ló ti rí ọ̀nà. Bó bá ti ọjà dé tí iná wà, á fi sídì náà sí i, á jẹ́ kó sáré dé ibi sàréè, á wò ó, á sunkún, á dá a padà sẹ́yìn, á tún wò ó. Bí n bá jókòó tì í, kì í lé mi. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó ní, "Wo bó ṣe rọra ń da yẹ̀pẹ̀ yẹn. Kò sọ ọ́ lu ọmọ." Mo wá ń wo ibẹ̀ bí òun náà ṣe ń wò ó, mo sì ń ronú nípa amọ̀ pupa ẹnu ṣòkòtò Bàbá Kékeré, pé irú ọwọ́ wo ni wọ́n fi da á bo ẹ̀gbọ́n mi.

Ṣùgbọ́n nǹkan báyẹn kì í ṣeé bò pẹ́ nínú irú ilé tiwa. Ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ bá Daddy ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú mi ló ṣe, mo lọ gbé oúnjẹ fún Daddy lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà náà ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ kìlọ̀ fún ìyàwó yín. Ọmọ kan ló kù fún yín o. Fíìmù kọ́ ló ń sunkún sí, gbogbo wa la mọ̀." Daddy dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ti iléèwé dé lọ́jọ́ kejì, tábìlì tí a ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé ti ṣófo. Daddy ní tẹlifíṣọ̀n náà ti bàjẹ́, pé òun ti gbé e pẹ̀lú ẹ̀rọ fídíò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe. Sídì náà kò sí níbi tí a ń fi í sí. Mummy kò bá a jà. Ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó kọjú sí tábìlì òfìfo yẹn.

Ibẹ̀ ló jókòó sí láti ọjọ́ náà lọ. Kò lọ sọ́jà mọ́, àlùbọ́sà rẹ̀ hù sínú àpò títí ẹnì kan fi bá a kó o dànù. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á fọwọ́ kàn án, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n pè é ní Ìyá Bùkọ́lá, kò dáhùn. Wọ́n pè é ní Mummy, kò dáhùn. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo kéré, àmọ́ mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ìyá mi ń kú lọ níṣojú mi. Mo bínú sí Daddy débi pé n kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀sán kan ni wọ́n tètè jáde fún wa níléèwé, mo gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kò retí mi. Ó ti ilẹ̀kùn dé ààbọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mo wọlé, òórùn gọ́ọ̀mù gbá mi lójú. Daddy jókòó sórí fóòmù tó tò jọ, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ti dín ohùn tẹlifíṣọ̀n wa kù pátápátá. Tẹlifíṣọ̀n kankan kò bàjẹ́. Ìyá inú fíìmù yẹn ló wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń bu yẹ̀pẹ̀. Èjìká Daddy ń gbọ̀n. N kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ìdérí abọ́ tí mo gbé dún, Daddy sì yíjú padà.

"Gbé e síbẹ̀," ó ní. Kò pa tẹlifíṣọ̀n náà, ó kọjú sí i padà. Ó ní, "Mo bi bàbá yín kékeré léèrè, ó ní kí n gbàgbé ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá omi wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan, Bùkọ́lá."

"Daddy, Mummy ò jẹun o."

"Mo mọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé tẹlifíṣọ̀n náà wálé lórí, èmi gbé ẹ̀rọ fídíò tẹ̀ lé e. Daddy gbé e lé tábìlì, ó fi sídì sí i, ó wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí àga kan náà, ohun tí n kò rí wọn ṣe láti ìgbà ikú yẹn. Ó jẹ́ kí fíìmù náà sáré dé ibi sàréè. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀, ó nawọ́, fíìmù sì dúró. Wíwò ti pọ̀ jù fún sídì náà, ojú rẹ̀ ti ha, ibi tí àwọn méjèèjì ń dá padà yẹn gan-an ló sì ti bàjẹ́. Àwòrán fọ́ sí wẹ́wẹ́. Daddy yọ ọ́, ó nù ún, ó dá a padà, ó tún dúró síbì kan náà. Yẹ̀pẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Mummy ń retí. Mo rí i bó ṣe ń retí. Nígbà tó wá yé e pé fíìmù náà kò ní lọ mọ́, ó la ẹnu, ohùn kan sì jáde tí n kò gbọ́ rí, tí mo sì ń gbàdúrà kí n má gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Kò sí fíìmù tó máa fi bojú. Ẹkún ọmọ rẹ̀ ló ń sun, ó sì ń pè é lórúkọ léraléra. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí, àwọn obìnrin ti kún ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ti ń wí pé, "Ìyá Bùkọ́lá, ó tó, ẹ má sunkún mọ́." Daddy dìde, ó lọ dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Rótìmí ni," ó ní. "Ẹkún ọmọ ẹ̀ ló ń sun. Ẹ jẹ́ ó sun ún."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó gbórí lé orúnkún. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ìgbà náà ni mo tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu Daddy.

N kò ní tàn ọ́ pé ó tán síbẹ̀. Mummy padà jẹun, ó padà sí Mile 12, àmọ́ obìnrin tó ń kọrin nídìí ìkòkò tẹ́lẹ̀ kò padà wá mọ́. Daddy ti kú. Bàbá Kékeré náà ti kú, kò sì sọ ibi tí wọ́n sin Rótìmí sí fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó bá a lọ sì ti fọ́n ká. Mende ni mo ń gbé báyìí, mo sì ń gbọ́ bí àwọn ará ọ́fíìsì mi ṣe ń fi ẹni tó bá sunkún sí fíìmù ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Mi ò kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ mi ni sídì yẹn wà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé e mọ́, bó tilẹ̀ wà, ibi tí mo fẹ́ wò ti bàjẹ́. Lọ́dọọdún, bó bá di ọjọ́ tí wọ́n bí Rótìmí, Mummy máa ń ní kí n mú un wá. Á yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀, á fi etí ìró rẹ̀ nù ún rọra, tojú tẹ̀yìn, á gbọn eruku rẹ̀ dànù, á sì gbé e fún mi padà. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ojú oórì ọmọ rẹ̀ ló ń tún ṣe.