Bọ̀wálé, Káàdì Méjì àti Aṣọ Ẹgbẹ́ Wa

Bọ̀wálé Ṣóyẹmí kì í ra nǹkan kan láìfi wé òmíràn. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá ṣe olùkọ́ ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Bó bá fẹ́ ra bàtà, yóò gbé oríṣi méjì kalẹ̀, yóò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, yóò sì bi alábàtà pé òjò mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí kí ó tó yanu. Adéṣẹwà ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé obìnrin kejì tí Bọ̀wálé fi òun wé ti bí ọmọ mẹ́ta kí ó tó wá tọrọ òun. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́.

Ní ọdún 1988, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní pálọ̀ ilé tó háyà. Kò pẹ́ tí onílé fi ní òun kò fẹ́ èrò. Yàrá kan ṣófo lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Pòrógun, ìyẹn regbérégbé, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí àwa obìnrin, Bọ̀wálé sì wá tọrọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín náà ti ń tọrọ yàrá yìí.

“Ẹja, a mọ̀ ọ́n,” ni ọ̀kan nínú wa wí. “A lè sè é. Kọ̀ǹpútà ńkọ́, ọbẹ̀ wo la fẹ́ fi sè?”

Ìyá Fáyọ̀kẹ́, ìyálẹ́gbẹ́ wa, tó jẹ́ ahunṣọ, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí Bọ̀wálé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ó fi ohun tó kàn wá hàn wá lójú rẹ̀. Bó bá dára, yàrá di tirẹ̀. Bí kò bá dára, ẹja wọlé.

Bọ̀wálé ní aṣọ ẹgbẹ́ wa gan-an ni òun yóò fi hàn wá. Àwọ̀ márùn-ún ló wà nínú aṣọ náà: aró, pupa, funfun, àwọ̀ ewé, àti ìlà ìyeyè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dábùú nítòsí ìṣẹ́tí. Ìlà ìyeyè yẹn, nítorí Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn la ṣe fi sí i, ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí kò sí mọ́.

Kọ̀ǹpútà kì í dá àwòrán yà fúnra rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní káàdì, tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀, ló ń gbé àwòrán jáde sójú gíláàsì. Ti Bọ̀wálé ti jóná. Síkírù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe, ní méjì lọ́wọ́, àtijọ́ kan àti tuntun kan, ó ní kí ó mú ọ̀kan. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, Síkírù ló ròyìn rẹ̀ fún mi.

Bọ̀wálé mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sí àárín ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Síkírù. Ó kọ ti káàdì àtijọ́ sí apá kan: àwọ̀ 4, àmì kéékèèké 320 ní ìbú, ìlà 200 ní òró. Ó kọ ti tuntun sí apá kejì: àwọ̀ 16, àmì 640, ìlà 350. Ọkùnrin kan tó ń kọjá dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé nọ́ńbà tẹ́tẹ́ púùlù ọ̀sẹ̀ yìí nìyí? Mẹ́rin àti mẹ́rìndínlógún?”

“Káàdì kọ̀ǹpútà ni,” ni Síkírù wí.

“Ẹ má fi pamọ́ fún wa.” Ó ti kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Tuntun ló borí níbi gbogbo,” Síkírù wí. “Kí lo tún ń wò?”

“Mò ń wo ohun tí ìwé tó bá a wá kò sọ.” Bọ̀wálé fi ọwọ́ nu 350 kúrò, ó kọ 200 dípò rẹ̀. “Gíláàsì tí mo ní kò gbà jù báyìí lọ. Ìwé tún ní ó yára ju èkejì lọ. Òótọ́ ni, bó bá dá wà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi ni yóò máa gbé àmì fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Ìkòkò ńlá àti kékeré, igbá kan náà la fi ń pọnmi sí wọn. Èwo ni yóò kọ́kọ́ kún?”

“Kékeré. Mú káàdì àtijọ́ nígbà náà.”

“Àwọ̀ mẹ́rin ni tirẹ̀. Aṣọ wọn jẹ́ márùn-ún.”

“Fo ìyeyè. Ìlà tín-ín-rín lásán.”

“Síkírù, Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn lo ní kí n fò yẹn.”

“Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yẹn kò ní jókòó de ẹ̀rọ o. Bó bá pẹ́, ọ̀rọ̀ ẹja ni wọn yóò máa sọ.”

“Kàkà kí n fò ó, kí wọ́n sọ ọ́.” Ó mú káàdì tuntun.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Bọ̀wálé tẹ ẹ̀rọ, gíláàsì ṣú dùdù. Ìlà kan yọ lókè pátápátá. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn yọ sábẹ́ rẹ̀. Ó tún pẹ́. Ẹnì kan hanrun díẹ̀ lẹ́yìn mi. Òógùn ti bo iwájú orí Bọ̀wálé, Síkírù sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìyá Fáyọ̀kẹ́ fa àga rẹ̀ súnmọ́ gíláàsì.

“Ọmọ Alárè, ta ló kọ́ ọ láti máa hunṣọ láti òkè wálẹ̀?” Oríkì Ìjẹ̀bú ló fi kì í. Lórí òfì tiwa, ìsàlẹ̀ la ti ń hun lọ sókè.

“Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà.”

“Ẹ jẹ́ kó hun ún. Èmi náà kì í sáré.”

Bí gbogbo wa ṣe fa àga súnmọ́ ọn nìyẹn. Aró kọjá, pupa kọjá. Òró àwòrán náà rí gbágungbàgun bí ojú òwú gan-an, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ẹja. Nígbà tí ìyeyè yọ nísàlẹ̀, obìnrin kan rọra wí pé, “Ìyá rèé.”

Ìyá Fáyọ̀kẹ́ gbé etí ìró rẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ wa, sí ojú gíláàsì. “Ó ti nípọn jù. Wò ó. Ìwọ fún Ìyá ní ìlọ́po méjì.”

“Wọn ò ní kọ̀ ọ́,” ẹnì kan wí lẹ́yìn, a sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ má bínú, mà.” Bọ̀wálé yí nọ́ńbà kan padà, ó tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì ṣú, aṣọ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyeyè rí bó ṣe yẹ.

Ìyá Fáyọ̀kẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Òwú tí o tú ńkọ́?”

“Kò sí òwú níbẹ̀, mà.”

“O tú aṣọ odindi, o kò ba òwú kan jẹ́?” Ó wò ó títí. “Bí mo bá ní kí pupa di aró?”

Bọ̀wálé ṣe é.

“Kí ewé fẹ̀ sí i?”

Ó tún ṣe é. Epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ tán. Akápò ẹgbẹ́ ló fúnra rẹ̀ rán èèyàn lọ ra òmíràn.

“Láti ọjọ́ tí mo ti wà nídìí òfì,” Ìyá Fáyọ̀kẹ́ wí, “inú òwú tí mo fowó rà ni mo ti ń rí àṣìṣe mi. Gba yàrá. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ tiwa, àwa ahunṣọ. Má sì bá wa tẹ̀ ẹ́. Kọ́ wa ká máa tẹ̀ ẹ́ fúnra wa.”

“Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun, mà.”

“Dìde kí n jókòó.”

Ó dìde. Kí wọ́n tó rọ epo náà tán, àwọn ahunṣọ ti tò sẹ́yìn àga Ìyá Fáyọ̀kẹ́, oníkálukú di etí aṣọ tirẹ̀ mú lọ́wọ́.