Ilé Màámi Lórí Ìwé Oníkanjí

Bí ẹ bá ń gba àdúgbò Ilo-Awela kọjá, tí ẹ rí ilé kan tí wọ́n sá ìwé sórí okùn láàárín bùbá àti ṣòkòtò, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ohunkóhun. Ilé Dúrójaiyé Abórìṣàdé lẹ dé yẹn. Ọkùnrin náà kò ya wèrè. Ó kàn fẹ̀yìn tì ni.

Ilé iṣẹ́ páálí kan ní Sango ló ti lo ayé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi kanjí se gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páálí pọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sinmi, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ó ń kọ́ àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ní iṣẹ́ wọn, ó sì ń bá fọkanáísà àdúgbò jiyàn lórí táyà. Àpọ́nlé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan, ló lọ ra ọ̀dà olómi fún un, irú èyí tó gbẹ sínú àwo pẹlẹbẹ, tí èèyàn á fi búrọ́ọ̀ṣì tútù ra kó tó fi kun ìwé.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni ọmọ náà wí.

Dúrójaiyé sì jókòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyádùnní, ló ń bá a gbé. Ìyá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, awọ funfun sì ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì débi pé òjìji lásán ló ń rí. Dókítà ní àwọn lè mú awọ náà kúrò, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀.

“Kí ló kù tí mo fẹ́ wò?” ni ó máa ń wí. “Ṣé trélà ni àbí èéfín? Gbogbo ohun tó wù mí wò ni wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ lé lórí.”

Òótọ́ ló sì ń sọ. Ilé ìyá wọn, níbi tí wọ́n gbé dàgbà, ti di ọgbà tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù ọṣẹ.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìsìnkú kan ni Dúrójaiyé kọ́kọ́ fi ọ̀dà náà dánwò. Òkú náà kì í ṣe mọ̀lẹ́bí wọn. Ìwé yẹn ń dán jù, omi kò ráyè wọlé, ṣe ló ń yí gbirigbiri kiri títí ó fi balẹ̀ sórí ṣòkòtò rẹ̀. Ó bá já ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì ya ilé ìyá wọn sí i. Èyí ní tirẹ̀ mu omi àmujù. Ilé ṣàn wọ inú igi, igi ṣàn wọ ojú ọ̀run, ìwé náà sì hunjọ.

“Kí lo ń yà níbẹ̀ yẹn, Dúró?” ni Ìyádùnní bèèrè látorí àga rẹ̀.

Ojú ti Dúrójaiyé láti sọ pé àbàwọ́n ni òun ń yà. “Ilé Màámi ni, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un. Ó ní òrùlé páànù náà ti dípẹtà, igi àgbálùmọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn mọ́ ara rẹ̀, ló bá fi kún un pé Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí àwọn méjèèjì.

Ìyádùnní yíjú síbi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá. “Ṣé wọ́n ń rẹ́rìn-ín?”

“Díẹ̀díẹ̀.”

Ìyá náà na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó fi ìka wò ó. “Ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé nìyí. Ó ti hunjọ. Wá ìwé gidi fún Màámi.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kì í bèèrè. Dúrójaiyé ya òmíràn sórí ìwé àpò sìmẹ́ǹtì, Ìyádùnní fọwọ́ kàn án, ó ní èyí lágbára, kí ni Màámi ń ṣe níbẹ̀? Dúrójaiyé ní wọ́n ṣì jókòó. Ohun tó wà lórí ìwé náà gan-an ni ọ̀dà aláwọ̀ ewéko tó ti gba àwọ̀ sìmẹ́ǹtì, tó wá rí bí ọbẹ̀ àná. Ó ya òmíràn sórí káàdì ìpè ìgbéyàwó, Ìyádùnní ní ó nípọn dáadáa, àfi àwọn lẹ́tà tó wú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ tí Dúrójaiyé kò retí.

“Sọ fún Àpọ́nlé kó bá dókítà yẹn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá la ojú náà. Mo fẹ́ rí Màámi.”

Inú Àpọ́nlé dùn débi pé ó jó. Dúrójaiyé lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá wọn yà láyé, òjò ti bà á jẹ́ lọ́jọ́ pípẹ́, òun alára sì ti gbàgbé ojú ìyá rẹ̀. Ó rántí ọwọ́ rẹ̀, ó rántí ikọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ti lọ. Èyí ń dùn ún ju bó ṣe lè sọ lọ. Bó bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní lọ sílé ìwòsàn mọ́. Bó bá sì dákẹ́, orí irọ́ ni yóò lajú sí.

Ó kúkú dákẹ́, ó gba ẹnu géètì ilé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ.

Jabez, tó gba ipò rẹ̀ nídìí gọ́ọ̀mù, jáde wá bá a. “Bàbá, ẹ tún ti dé? Wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi o.”

“Mò ń sinmi lọ́wọ́. Bá mi wá àjákù ìwé, èyí tí ẹ kò tíì lẹ̀.”

Jabez kó ẹrù apá kan fún un. Dúrójaiyé dán gbogbo rẹ̀ wò. Èyí tó dán lé omi dànù, èyí tí kò dán mu ún tán. Ibẹ̀ ló ti rántí iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ó po kanjí, ó ri ìwé funfun tí kò dán bọ inú rẹ̀ bí ẹni ri aṣọ, ó sá a sórí okùn láàárín aṣọ Àpọ́nlé, ó sì lọ̀ ọ́. Nígbà tó fi ọ̀dà kàn án, ọ̀dà dúró síbi tó fi í sí. Inú rẹ̀ dùn gidigidi. Òrùlé jókòó, àgbálùmọ̀ dúró, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí.

Màámi ló kù. Ó gbìyànjú títí, àmọ́ gbogbo ojú tó yà ló dà bí iṣu. Níkẹyìn, ó ya èéfín tó ń jáde láti ilé ìdáná, ó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú Ìyádùnní nílé ìwòsàn, Dúrójaiyé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di àwòrán náà mú sí àyà. Ìyádùnní ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó gba ìwé náà. Ó fi ìka wò ó kó tó fi ojú wò ó.

“O fi kanjí sí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ilé náà nìyí lóòótọ́. Màámi dà?”

“Wọ́n wà nínú ilé ìdáná. Ẹ wo èéfín wọn.”

“O ní wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà.”

Dúrójaiyé wo ilẹ̀. “Irọ́ ni mo pa. Wọn ò sí níbẹ̀ rí. Mo ti gbàgbé ojú wọn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú.”

Ìyádùnní gbé ìwé náà lé itan. Ó gbé ojú kúrò lára ìwé, ó wá ń wo àbúrò rẹ̀, ẹni tí kò tíì rí dáadáa láti ọdún tó ti pẹ́. Ó wo irun rẹ̀ tó ti funfun, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti jó, ó wo ẹnu rẹ̀. Ó wò ó títí ara ọkùnrin náà kò fi lélẹ̀ mọ́.

“Àpọ́nlé,” ni ó pè, “ṣé dígí wà nínú báàgì rẹ?”

Àpọ́nlé mú dígí pọ́dà rẹ̀ jáde. Ìyádùnní gbà á, ó gbé e sọ́wọ́ Dúrójaiyé, ó yí i títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ọkùnrin náà.

“Màámi nìyẹn,” ni ó wí. “Lọ ri ìwé mìíràn sí kanjí.”