Bọ́ọ̀lù Tó Dúró Lẹ́nu Ulé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọkọ mi ti dé fìlà, tó jókòó síta, tó ń dúró dè mí. Bàbá Fẹ́mi kì í pẹ́ jáde. Èmi ni mo máa ń wá gèlè kiri. Dókítà ti sọ fún wa pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ kò ní pẹ́ tán. Mo bi ọkọ mi pé ibo ló fẹ́ dé kó tó di pé ojú ṣú pátápátá. Mo rò pé yóò ní Èkó, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ó ní pápá gọ́ọ̀fù ẹ̀yìn Ìgbẹmọ ni, níbi tó ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé nígbà tó jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́.

"Ṣùgbọ́n má parọ́ fún mi níbẹ̀ o, Ìyá Fẹ́mi. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ."

Ó mọ̀ mí. Láti ìgbà tí ojú ti ń dùn ún ni mo ti ń fi irọ́ tù ú nínú: mo ní ọ̀dà ilé wa ṣì ń dán, mo ní irun mi ò tíì hu ewú. Mo ṣèlérí pé n kò ní parọ́.

A wọ ọkọ̀ nítòsí Ọjà Ọba ní Adó níbí, ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún àwa méjèèjì. Awakọ̀ wo gèlè mi, ó wo fìlà ọkọ mi.

"Màmá, ta ló kú ní Ìgbẹmọ?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Gọ́ọ̀fù la fẹ́ lọ gbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kó wa sí kòtò. Mo ń ka ọ̀nà fún ọkọ mi bá a ṣe ń lọ: òkè rèé, kòkó rèé, oko ìrẹsì rèé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ tẹ́jú. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Èkìtì, mo rò pé òkè wọ̀nyí fẹ́ wó lù mí ni.

Ní pápá náà, bàbá arúgbó kan ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá. Òjó ni, kádì ọkọ mi àtijọ́, ẹni tó máa ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé e.

"Tíṣà! Uwọ ni?"

Nílùú wa, a kì í pe àgbà ní "ìwọ" bí àwọn ará Èkìtì ṣe máa ń ṣe. Nígbà kan, irú èyí máa ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ yìí, omi bọ́ lójú mi.

Gríìnì ni wọ́n ń pe ibi tí ihò wà, bíi kéèyàn sọ pé ewé tútù. Irọ́ ni! Yanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ọkọ̀ ni, Òjó ló sì ń gbá a. Ihò fúnra rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wọ̀, ulé ni Òjó ń pè é, bíi ti ọpọ́n ayò. Ulé sì ni ilé lẹ́nu Èkìtì.

Òjó fún ọkọ mi ní igi. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó kọ́kọ́ gbá wọgbó. Ní ti ìkẹrin, ọkọ mi kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa yanrìn kó lè mọ ibi tí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ́ sí, ó dìde, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù yí lọ, ó yí lọ, ó dúró. Kò ju ìka kan lọ sí ihò. Òjó wò mí, ó na àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sí i, bíi pé kí òun tì í wọlé. Mo mirí.

"Ṣé ó wọ ulé?" ni ọkọ mi bi wá.

"Kò wọlé," ni mo wí, ọkàn mi sì bàjẹ́. "Lẹ́nu ọ̀nà ló dúró."

Ó wá rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ó kúkú mọ̀nà dé ibẹ̀!"

Wọ́n fún wa ní ìrẹsì Ìgbẹmọ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Òórùn rẹ̀ ni ọkọ mi kọ́kọ́ gbọ́.

"Mo ti dà á sáṣọ?"

"Ẹ ti dà á, sí àyà àti sí itan."

Ẹ̀rín pa á débi pé ó tún da òmíràn. Ó pẹ́ tá a ti rẹ́rìn-ín báyẹn nídìí oúnjẹ. Mo rí i pé irọ́ mi ló ti jẹ́ kó máa dá jókòó, torí kò mọ èyí tó lè gbà gbọ́ lẹ́nu mi mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ la padà dé Adó. Bí mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ó ní, "Irun rẹ ńkọ́, ní tòótọ́?"

"Ó ti funfun pátá. Ó ti pẹ́."

Ó na ọwọ́, ó rọra tú gèlè mi. "Mo ti rí i kí ojú mi tó ṣú pátápátá. Ó yẹ ọ́. Ó yá, jẹ́ ká wọ ulé."