Èkùrọ́ Ìyá Àgbà àti Ilé Epo Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí irun orí mi kò tíì gùn tó èyí tí wọ́n ń dì ní ṣùkú, kò sí ohun tí ilé wa ń rà láti fi dáná tàbí láti fi tan iná. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé mò ń fi ìṣẹ́ yangàn. Ọ̀pẹ ẹbí wa wà létí ọ̀nà tó ti Èjìgbò lọ sí Isundunrin, ó pọ̀ débi pé àwa ọmọdé kì í kà á tán kí a tó ṣì í kà. Ìhá tó ń ṣẹ́kù bí a bá fún ẹyìn rẹ̀ la fi ń ṣáná, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ ló ń jó lábẹ́ ìkòkò, àdín tí a dín lára èkùrọ́ yẹn kan náà sì ni òwú fìtílà wa ń mu.

Ìlànà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ọkùnrin ló ń gun ọ̀pẹ, òun ló ni epo pupa. Obìnrin ló ń ṣe wàhálà gígún àti fífún, èkùrọ́ ni tirẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, kò fi èkùrọ́ tirẹ̀ ṣeré rárá. Á jókòó ti òkúta kan lábẹ́ igi ìyeyè, á máa pa èkùrọ́, á máa bú ewúrẹ́ tó bá sún mọ́ ọn, á sì ju hóró kan sí mi lẹ́nu bí inú rẹ̀ bá dùn. Inú rẹ̀ kì í sábà dùn. Ṣùgbọ́n àdín rẹ̀, láti ìlú Ara ni wọ́n ti ń wá rà á. Kì í tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ kankan, ìyẹn gan-an ló sì fi ń yan.

Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún mélòó kan nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ ní Abíjàǹ dé. Ó gbé sítóòfù oníkẹrosíìnì kan wálé, ó gbé rédíò kan wálé, ọ̀rọ̀ tó sì kó wálé ju ẹrù lọ. Rédíò náà ń sọ lójoojúmọ́ pé epo rọ̀bì ti sọ wá di ọlọ́lá, pé a ó máa fọ epo wa fúnra wa, a kò sì ní gbójú lé òyìnbó kankan mọ́. Bàbá mi gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́, kí n má purọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́ nígbà náà?

Ọkùnrin kan tó máa ń gbé mọ́tò funfun wá láti Ìbàdàn sọ fún un pé òun lè bá a gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo mọ́tò àti kẹrosíìnì, bó bá ti lè rí ilẹ̀ gbalasa létí títì, tó sì da sìmẹ́ńtì sí i. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí bàbá mi mọ̀ létí títì ni ilẹ̀ ọ̀pẹ.

Ó wá sídìí òkúta Ìyá Àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

“Ìyá, èéfín ò ní fọ́ yín lójú mọ́. Ẹ̀sáǹsì, bí wọ́n ṣe ń pe epo mọ́tò ní Abíjàǹ, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ayé á ti máa wá rà á. Kẹrosíìnì tí ẹ̀yin máa lò ò ní tán láéláé.”

“Ó ti dé ni, àbí ó ń bọ̀?”

“Ó ń bọ̀, Ìyá.”

“Ó dáa. Jẹ́ kó dé ná. Ọ̀pẹ ò sọ pé òun ń lọ síbì kan.”

Ì bá dára ká ní bàbá mi dúró. Ṣùgbọ́n ojú ń kán an. Ó pe àwọn àgbà ọkùnrin inú ẹbí, wọ́n jókòó, wọ́n mu ẹmu, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn làwọn ni epo, àwọn sì ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ èkùrọ́. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pe obìnrin kankan. Àwọn tó mọ ìlànà yìí bí ẹni mowó ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ o.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gé e. Ìyá Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń tẹ̀ lé àwọn agégi kiri, ó ń ṣa ẹyìn tó fọ́n ká sílẹ̀ sínú agbọ̀n, àti èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n. Mo bá a ṣà á. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi, nítorí mo mọ̀ pé ìkẹyìn la ń ṣà.

Wọ́n da sìmẹ́ńtì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àwa ọmọdé rí ibi tí a ó ti máa sáré. Ẹ̀rọ kò dé. Mọ́tò funfun kò tún gba ọ̀nà wa mọ́. Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ fi di ọ̀wọ́n. Nínú orílẹ̀-èdè tó ń wa epo nínú ilẹ̀, èmi ń to gálọ́ọ̀nù sórí ìlà ní Èjìgbò láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, n ó sì gbé e padà sílé lófìfo. Adìẹ ń yé sábẹ́ sítóòfù bàbá mi. Ìhá tí a ó fi ṣáná pàápàá kò sí, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ bu ẹ̀yín iná nílé aládùúgbò.

Lọ́jọ́ tí àdín tán nínú ìkòkò Ìyá Àgbà, ó gbé ìgò fún mi pé kí n lọ ra àdín ní Ara. Ara, níbi tí wọ́n ti ń tọ̀ ọ́ wá tẹ́lẹ̀! Nígbà tí mo gbé e dé, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

“Èkùrọ́ yìí ò yan dénú,” ló sọ, ó sì dé ìgò náà padà.

Bàbá mi wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ó bẹ Ìyá Àgbà pé kí ó jọ̀ọ́ bá òun dé ibi sìmẹ́ńtì. Mo tẹ̀ lé wọn. Ọ̀sán gangan ni, bàbá mi na gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì náà, ó dojú bolẹ̀.

“Ìyá, ẹ foríjì mí. Ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo gé.”

Ìyá Àgbà wò ó títí.

“Dìde ńbẹ̀. Sìmẹ́ńtì yẹn gbóná.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dárí jì í. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, ríra ló ń ra àdín, kò sì sí ọ̀kan tó yan dénú lẹ́nu rẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo ti dàgbà ju Ìyá Àgbà ìgbà yẹn lọ. Ilé epo ti pọ̀ létí títì, òmíràn lẹ́wà ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, síbẹ̀ ìlà kò tíì tán níwájú wọn. Sìmẹ́ńtì wa ṣì wà, gbàgùúdá la ń sá sí i. Láìpẹ́ yìí làwọn ọ̀dọ́ kan wá, wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì kí mi dáadáa. Wọ́n ní a lè fi ọ̀pẹ àti gbàgùúdá ṣe epo tí mọ́tò yóò máa mu, kí orílẹ̀-èdè wa lè dá dúró, kó má máa ra epo wá láti òkè òkun mọ́. Wọ́n ń wá ilẹ̀ tí ọ̀pẹ ti hù rí. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Mo mú wọn lọ síbi sìmẹ́ńtì.

Mo ní kí wọ́n tó gbin ẹyọ kan, kí wọ́n pe àwọn obìnrin ilé jọ, kí wọ́n sì sọ fún wọn ẹni tí yóò ni èkùrọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ nǹkan láàárín wọn kọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, ó kọ bó ṣe sún mọ́ títì tó, ó kọ orúkọ àwọn àgbà ọkùnrin tí wọn ó lọ rí. Mo dúró kó kọ ti èkùrọ́. Ó pa ìwé rẹ̀ dé.