Afárá Tí Mo Ṣahun Iyọ̀ Sí

Ẹnu ìyàwó mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn afárá yìí, kò sì mọ̀ nígbà náà pé ọkọ òun ni ọ̀daràn inú rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dída iyọ̀ sójú ọ̀nà ní Thamesmead nílùú òyìnbó ni. Bí òtútù bá ti fẹ́ mú kí omi dì, ọkọ̀ ńlá a máa da iyọ̀ sí títì, àwa a sì fi bárò àti ṣọ́bìrì tọ́jú àwọn afárá tí ọkọ̀ kò lè gùn, kí yìnyín má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Ọ̀gá mi ní kí n da odindi àpò kan sórí afárá tó kọjá lórí omi. Mo wò ó. Iyọ̀! Iyọ̀ tí ìyá mi máa ń fi ìka mẹ́ta bù, tí ó sì ń ṣa èyí tó bá já bọ́ nílẹ̀! Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Mo wọ́n díẹ̀ níbí, mo wọ́n díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni ń wọ́n ọn sí ẹja, mo sì gbé ìyókù padà, inú mi ń dùn pé mo bá ìjọba ṣọ́ dúkìá.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà nílé wọn ni ìyàwó mi ń ṣe. Lódìkejì omi yẹn, bàbá òyìnbó kan ń retí rẹ̀ láàárọ̀. Bàbá náà kò lè dá dìde lórí ibùsùn, kò sì gbọdọ̀ lo oògùn rẹ̀ láìjẹun.

Nígbà tí ìyàwó mi wọlé lọ́sàn-án, ẹ̀yìn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tutù.

"Dádì, ẹ bá mi wò ó! Ẹsẹ̀ mi kan yọ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Mo bá jókòó, mo fi ìdí wọ́ kọjá bí ọmọ ọwọ́. Ajá kan tiẹ̀ dúró, ó ń wò mí! Ta ni ọ̀lẹ tí wọ́n ní kó da iyọ̀ síbẹ̀?"

"Bàbá náà ńkọ́?"

"Ó ti jẹun, ó ti lo oògùn. Ó tún bú mi pé mo pẹ́."

Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó bó. Mo ní, "Mọ́mì, èmi ni," mo sì ṣàlàyé ti àpò iyọ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí iyọ̀ ọbẹ̀ mi kì í tó fún! Lórí ẹsẹ̀ mi lẹ wá ń ṣahun iyọ̀?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ká ní mo ti fi orí gba ilẹ̀ ńkọ́, Dádì?"



Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo da àpò kan ààbọ̀ sórí afárá náà, mo sì dúró tì í. Nígbà tí ìyàwó mi dé, mo ní, "Ó ti dára." Kò wo ilẹ̀, kò di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ, iyọ̀ ń dún lábẹ́ bàtà rẹ̀.

Bàbá òyìnbó ti re ibi àgbà ń rè, irun tèmi náà ti ń funfun. Síbẹ̀, bí òtútù bá ti dé, ìrìn ìyàwó mi yẹn ni mo máa ń rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi ìdí wọ́ lórí afárá lánàá, ṣé ẹ óò gba "ó ti dára" lẹ́nu ẹni tó fà á?