Ọkọ Mi àti Bọ́ǹbù Àwọn Faransé

Lọ́dún 1995, ọkọ mi bá ìjọba Faransé jà. Èmi tí mo gbé oyún oṣù mẹ́jọ, oyún tí mo fi ọdún mẹ́fà tọrọ, ni mo jẹ ìyà ẹ̀.

Iba là ń gbé, yunifásítì ló ti ń kọ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò sọ pé àwọn Faransé tún ti dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lábẹ́ òkun, níbì kan tó jìnnà réré sí ilé tiwọn. Ọkọ mi gbé iṣu ẹnu ẹ̀ mì. Ó ní òun ò ní lo ohunkóhun tí Faransé bá ṣe mọ́, àfi tí wọ́n bá jáwọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, kí la tiẹ̀ ní tí Faransé ṣe?"

Ó yọjú wo ìta láti ojú fèrèsé. Mo tẹ̀ lé ojú ẹ̀. Yéè, mọ́tò wa!

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti fi tapólì bò ó. Ló bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. "Ṣé Faransé mọ̀ pé ẹ̀ ń rìn ni?" Mo bi í, ó kàn ń so okùn bàtà ẹ̀. Òun náà mọ̀ pé wọn ò mọ̀.

Sọ́jà kan ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì lòun àti ọkọ mi ti máa ń jiyàn. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, orílẹ̀-èdè tí ò dán ohun ìjà ẹ̀ wò, kí ló fẹ́ fi dáàbò bo ara ẹ̀?" Ọkọ mi á ní, "Ṣé ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì ló wá yẹ kó ti dán an wò?"

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni ìrọbí mú mi. Ọkọ mi já tapólì dànù, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ò tiẹ̀ wúkọ́. Bátìrì ti kú. Mo bú u, mo bú Faransé, mo bú ẹni tó ta rédíò fún wa.

Sọ́jà gbọ́ igbe mi, ó gbé mọ́tò tiẹ̀ wá. Ẹ gbà mí o, ọkọ mi dúró, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é!

"Japan ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn yẹn, wọ́n ti ju bọ́ǹbù lù wọ́n rí. Ẹ wọkọ̀!"

A ò tíì dé Okokomaiko tí wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀. Sọ́jà ní ibi tí èèyàn ò gbé ni wọ́n ti ń dán an wò. Ọkọ mi ní ta ló wá ń pẹja níbẹ̀. Mo ní, "Ẹni tó bá tún dárúkọ bọ́ǹbù nínú yín, inú ọkọ̀ yìí ni màá bímọ sí!"

Ọlọ́run ṣeun, ọsibítù ni mo bí i sí. Ọmọbìnrin ni. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wọlé, ọkọ mi ò tiẹ̀ kí mi. Ó tú aṣọ lára ọmọ, ó ń ka ìka ọwọ́ ẹ̀. Ó kà á tán, ó tún un kà. Inú bí mi. "Ṣé ẹ rò pé mo jí ọ̀kan gbé ni?"

Ọkọ mi ṣì di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó ní ọdún tí Faransé dán bọ́ǹbù tiwọn wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, òun ṣì kéré l'Ékìtì. Ọyẹ́ gbé eruku wá láti apá ibẹ̀, ó bo gbogbo ìlú. Kí ọdún yẹn tó parí, ìyá òun bí ọmọ kan tí ò ní ìka ọwọ́ kankan. Ọjọ́ mẹ́rin lọmọ náà lò láyé. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó fà á, kò sì sẹ́ni tó wá béèrè.

Omi bọ́ lójú mi. Látọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò sọ ọ́ fún mi rí.

Sọ́jà sún mọ́ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra di ẹsẹ̀ ọmọ mi mú, ó ń ka ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.