Páálí Igi Ike Lórí Ìyá Bùsọ́lá

Ẹnu ara rẹ̀ ló kó Ìyá Bùsọ́lá sí pańpẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe aládùúgbò. Ẹnu tó fi ń jẹun ni.

Ẹ wò ó, igi paini kan wà níwájú ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Ó fi díẹ̀ ga ju òrùlé lọ, nítorí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ò jẹ́ kó ga bó ṣe fẹ́. Ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ sí i, á máa súfèé. Nígbà tí wọ́n bí Bùsọ́lá, baba rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ló ri ibi ọmọ náà síbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ làwọn ará ibẹ̀ máa ń gbìn sórí ibi ọmọ tiwọn. Tíṣà ní tòun kọ́, igi tí òun hú wá láti ọgbà iléèwé lòun máa gbìn. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà ti lọ sọ́run báyìí, igi náà ò lọ. Bí Bùsọ́lá bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti Ìjàn, níbi tó wà nílé ọkọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Màámi, igi mi ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹgbẹ́ àwọn ìyá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ̀rọ̀ igi Kérésìmesì. Ìyá Precious tó ń ta aṣọ dìde, ó ní òun ti ra igi ike kan, ó wà nínú páálí, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń ṣí bí agbòòrùn. "Ọdọọdún la ó máa lò ó," ló wí.

Ibẹ̀ lẹnu ti yún Ìyá Bùsọ́lá, alága ẹgbẹ́.

"Ìyá Precious, ike la fi ń pọnmi nínú ulé mi. Ṣé ike náà la ó tún fi yin Olúwa? Igi tó ní oje nínú, tó ń rùn bí igi, ni kí ẹ jẹ́ ká gbé wọlé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n tún kọrin lé e. Orin tán, Ìyá Precious fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, "Òótọ́ lẹ sọ, alága wa. Èyí tó dára jù ládùúgbò yìí, iwájú ilé yín ló wà. Ẹ jẹ́ kí Caleb káfíńtà wá gé orí rẹ̀ fún wa."

Àtẹ́wọ́ kejì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ súre fún un.

Ìyá Bùsọ́lá jókòó. Ọdún mọ́kànlá ni Bùsọ́lá fi wá ọmọ. Oyún rẹ̀ wá wọ oṣù kẹjọ báyìí. Orí igi tó hù lórí ibi ọmọ yìí, òun ni wọ́n fẹ́ bẹ́! Àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún? Nínú oṣù Ògọ́sì tó kọjá, Mercy, ìyàwó kékeré kan nínú ìjọ, so òwú dúdú mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ fún ààbò. Ìyá Bùsọ́lá yìí kan náà ló já òwú náà lójú gbogbo èèyàn. "Ṣé Jésù ò tó ọ ni?" Ó wí i, ó tún un wí, Mercy sì sunkún.

Láti ọjọ́ ìpàdé igi náà, Ìyá Bùsọ́lá ń bá igi sọ̀rọ̀. Bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ tí igi náà ń súfèé, á ní, "Dákẹ́. Mo ti gbọ́."

Nígbà tó di Sátidé, Caleb gbé àkàbà àti ayùn dé. Àwọn obìnrin tẹ̀lé e láti wá fi orin gbé igi lọ.

"Caleb, o ti jẹun?" Ìyá Bùsọ́lá gúnyán fún un. Caleb jẹ ẹ́ tán. Ó bu omi fún un. Ó ní kó sinmi díẹ̀.

"Màmá, ẹ ti fún mi níyán, ẹ ti fún mi lómi, ó wá ku kí ẹ tẹ́ ẹní fún mi! Ẹ jẹ́ kí n gun igi kí oòrùn tó mú."

Ó gùn ún. Ayùn ké lẹ́ẹ̀kan, ewé já bọ́ sórí gèlè Ìyá Bùsọ́lá.

"Sọ̀kalẹ̀!"

"Kí ló dé, Màmá?"

Òótọ́ dé orí ahọ́n rẹ̀. Ló bá rí Mercy láàárín àwọn obìnrin, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ náà padà.

"Igi mi ni. Mi ò fún yín mọ́."

"Háà, alága! Irú ahun wo lèyí?" Ẹnì kan tilẹ̀ pòṣé. Ìyá Bùsọ́lá gba orúkọ náà bí ẹni gba ẹrù, ó so gèlè rẹ̀ le, ó kọrí sílé Ìyá Precious.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ike ìpọnmi lẹ wá gbé?" Ìyá Precious fọwọ́ bo ẹ̀rín. "Ẹ ò tiẹ̀ rán ẹnì kan?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi ni n ó rù ú."

Ó ru páálí náà la àdúgbò kọjá ní ọ̀sán gangan, wọ́n ń kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Alága, ẹ rọra o, ike fúyẹ́!"

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan bá a di etí páálí mú lẹ́yìn. Mercy ni. Ó rọra bèèrè pé, "Màmá, igi yẹn, ti Àǹtí Bùsọ́lá ni, àbí?"

Ẹnu tó ti ń sọ̀rọ̀ kiri látọjọ́ yìí kọ̀, kò là. Ẹrù wà lórí, kò lè mi orí. Ó kàn dúró, ó ń wo ọwọ́ ọmọ Mercy tó yọ jáde lábẹ́ ọ̀já, ọwọ́ kékeré tí kò sí òwú níbẹ̀ mọ́.